Imú Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tún Ṣe

Ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin náà fa ọmọlangidi yìí yọ nínú àpò ọ̀rá, tó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Aṣọ ni wọ́n fi rán an látòkè délẹ̀, kò sì gùn ju apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ lọ. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti já kúrò léjìká, ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ ń yọjú. Ẹni tó rán an ti ṣu imú rẹ̀ róbótó kó lè yọ síta bí imú ènìyàn, àmọ́ ṣóńṣó imú náà ti gé. Mo gbé e súnmọ́ iná, mo rí i pé gígé yẹn kì í ṣe ti jàǹbá. Àlùmọ́gàjí ló gé e, wọ́n sì ti fi òwú pupa di ẹnu ibẹ̀ kó má baà tú.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá tún apá ṣe, màá bá yín tún imú náà ṣe, mi ò ní gba owó imú."

Ó mi orí. "Apá nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan imú."

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Stamford Hill ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Júù tó fi ọwọ́ líle mú ẹ̀sìn wọn pọ̀ níbẹ̀ gan-an, àwa Yorùbá náà sì kún àdúgbò láti Hackney títí dé Tottenham. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn obìnrin wọn fa ẹnu síkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, tí mò ń rán ọwọ́ gígùn mọ́ búláòsì tí wọ́n rà lọ́wọ́ péńpé. A máa ń kí ara wa, a máa ń dúnàá-dúrà, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó gbé ọmọlangidi wá bá mi rí.

Ọmọ tó ni ín dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó ń wo ọwọ́ mi bí ìyá ọmọ ṣe ń wo ọwọ́ dókítà.

Obìnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ imú yìí kò tíì yé mi, ló bá ṣàlàyé lórí ìdúró. Ó ní nínú òfin àwọn, ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe ère ènìyàn tó pé pérépéré. Nítorí náà, bí ọmọlangidi bá wọ ilé àwọn, àwọn a gé díẹ̀ níbi imú tàbí etí rẹ̀ kó má baà pé. Ìyá ọkọ òun ló rán èyí fún ọmọ náà, ìyá ọkọ òun kan náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e nímú ní alẹ́ ọjọ́ tó rán an tán.

Èmi tí wọ́n ti kọ́ ní Òfin Mẹ́wàá ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kí n tó mọ ìwé kà, tí mo lè ka Ẹ́kísódù orí 20 lórí, mi ò fi ọ̀rọ̀ náà kan ọmọlangidi rí láyé mi. Àwọn ti fi kàn án, ó ti pẹ́. Yosef Karo kọ ìwé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Shulchan Aruch, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Venice ní 1565. Ọ̀rọ̀ àwòrán ènìyàn wà nínú rẹ̀, àwọn amòfin ẹ̀sìn wọn kò sì tíì jiyàn lé e lórí tán: bó bá jẹ́ orí nìkan ńkọ́? Bó bá jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé Júù ni kì í gé imú ọmọlangidi kankan. Ilé obìnrin yìí ń gé e, ó sì sọ ọ́ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èmi náà ṣe lè sọ pé nílé tiwa, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan.

Mo gbé ọmọlangidi náà sórí pẹpẹ títí di alẹ́, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, "ọmọ" ló ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, ọmọ langidi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkirè, ìyá àgbà a já ọmọ àgbàdo tútù fún mi, èyí tí irun rẹ̀ ṣì gùn lórí rẹ̀, a di irun náà ní ṣùkú, mo sì máa gbé e pọ̀n. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn wa a gbẹ́ ère sí ipò rẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, igi lè dìde gba ipò ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tí a fi ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo wá ń rò ó pé, àwọn tó ń bẹ̀rù àtiya àwòrán ènìyàn délẹ̀délẹ̀ báyìí, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá wọn ya tiwọn?

Èsì rẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìkàwé kan wà ní Russell Square níbí, orúkọ rẹ̀ ni Wiener Holocaust Library. Holocaust ni wọ́n ń pe ìpakúpa tí ìjọba Hitler ní Jámánì pa àwọn Júù. Lára ohun tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ ni eré kan tí ilé iṣẹ́ Günther ní ìlú Dresden ní Jámánì ṣe ní 1938, tí wọ́n sọ ní Juden Raus!, èyí ni "Kí àwọn Júù jáde!" Ẹni tó bá ti ta lúdò rí yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ta á: pátákó kan, dáìsì, àti ọmọ ayò. Ìlú olódi ni wọ́n yà sórí pátákó náà. Ohun kékeré kan tó rí ṣóńṣó bíi fìlà, tí wọ́n ya ojú burúkú sí lára, ló dúró fún Júù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó Júù mẹ́fà jáde kúrò nílùú ló jẹ. Ìdílé lè jókòó yí i ká lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí bàbá máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ju dáìsì.

Ní ọdún 1938 yẹn kan náà, ní 17 Oṣù Kẹjọ, ìjọba Hitler gbé òfin orúkọ jáde. Láti 1 Oṣù Kìíní 1939, Júù tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé orúkọ tí ìjọba fọwọ́ sí fún Júù gbọ́dọ̀ fi òmíràn kún un: gbogbo ọkùnrin, Israel, gbogbo obìnrin, Sara. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba yẹn kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Bóyá ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ìyá ti ń wojú Olúwa ni, bóyá orúkọ ìyá àgbà tó kú ni wọ́n fún un, kò kàn wọ́n. Sara. Sara. Sara. Mo rò ó pé Yorùbá kan kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yẹn lọ́jọ́ náà. Ní Oṣù Kẹwàá 1938 yẹn náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ J pupa sínú ìwé ìrìnnà wọn.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sì tíì tán láyé. Ní ọjọ́ Jímọ́ Rere ọdún 2019, ní ìlú kékeré Pruchnik ní Póláńdì, wọ́n fi aṣọ àti koríko gbígbẹ ṣe ère ńlá kan, wọ́n ní Júdásì ni. Wọ́n dé fìlà dúdú fún un, wọ́n so irun ẹ̀gbẹ́ etí mọ́ ọn bí irun àwọn Júù àdúgbò mi yìí, wọ́n sì fún un ní imú gígùn. Wọ́n wọ́ ọ káàkiri ìgboro, àwọn ọmọdé ń fi igi lù ú, lẹ́yìn náà wọ́n sun ún níná. Àwọn olórí Ìjọ Kátólíìkì ní Póláńdì bẹnu àtẹ́ lù ú. Mo wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi, mo wo ọmọlangidi tó wà lórí pẹpẹ mi. Ọ̀kan, wọ́n fa imú rẹ̀ gùn kí wọ́n lè kórìíra rẹ̀. Èkejì, ìyá àgbà kan gé imú rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, kí ọmọ lè gbé e sùn láìsí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé.

Aránṣọ ni mí, nítorí náà ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ìràwọ̀. Ní apá ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gbà, láti 7 Oṣù Kẹfà 1942, Júù tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìràwọ̀ yẹ́lò ní àyà òsì. Òfin náà sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ wà: kó hàn kedere, kí wọ́n rán an mọ́ aṣọ kó dúró ṣinṣin. Mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Ìgbà ogun ni, aṣọ ti wọ́n, ìjọba ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn fi ń ra aṣọ. Wọ́n sì já póìntì kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì aṣọ ẹni kí wọ́n tó kó ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rán irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ náà ní ṣóńṣó mẹ́fà, kọ̀rọ̀ mẹ́fà sì wà láàárín wọn. O ní láti gé e yíká, kí o ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, kí o fi ìka tẹ ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà ká. Níbi kọ̀rọ̀, o ní láti já a díẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kó lè ṣẹ́. Bí o bá já a jù, yóò tú. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni. Bí ìyá kan bá ní ọmọ mẹ́ta, aṣọ mẹ́ta mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ alẹ́ kan tàbí méjì ni. Inú agolo kan náà tí ó ń kó bọ́tìnnì àti òwú sí ló ti máa mú abẹ́rẹ́. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ní ọmọlangidi aṣọ, abẹ́rẹ́ yẹn ló fi rán an. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló rán ohun tí wọ́n ní kí ọmọ jẹ́, tó sì rán ohun tí ìyá fẹ́ kí ọmọ ní.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti gbé ọmọlangidi wá.

Ní Họ́láńdì, ọmọkùnrin Júù kan wà tó ní béárì kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń gbé sùn. Ajá ti já orí rẹ̀ dànù kí ìṣòro ńlá tó dé. Ní 1942, ìdílé náà fọ́n ká láti sá pamọ́, wọ́n pín àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ara rẹ̀ kò yá níbi tó fara pamọ́ sí. Ìyá rẹ̀ wá wò ó. Ohun tí ọmọ bẹ̀ ẹ́ ni pé kó bá òun ṣe orí fún béárì òun. Obìnrin yẹn gé lára aṣọ tí wọ́n rán sínú ẹ̀wù ọmọ náà, ó sì fi rán orí tuntun. Ọmọ náà là á já, òun àti béárì rẹ̀, wọ́n sì ti pàtẹ béárì náà ní Yad Vashem, ilé ìrántí tó wà ní Jerúsálẹ́mù.

Ẹni tó bá ti tú aṣọ inú ẹ̀wù rí mọ̀ pé aṣọ burúkú ni láti rán ní ọwọ́. Ó fẹ́lẹ́, ó ń yọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, o ní láti ṣẹ́ ẹ po kó tó lè gba nǹkan tí a fẹ́ kì sínú rẹ̀. Ẹ̀wù tí a bá sì ti gé inú rẹ̀ ti ní ojú ihò tí òtútù yóò máa gbà wọlé. Ìyá náà mọ̀ ọ́n. Àkókò tó ní lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, ewu ni kí ẹnikẹ́ni rí i níbẹ̀. Ó jókòó, ó sì rán orí béárì. Mi ò lè ronú kan obìnrin yìí kí n má gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ lọ ra léèsì tàbí ànkárá, Wentworth Street ni mò ń lọ, àwa Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Àdúgbò àwọn télọ̀ Júù ni kó tó di tiwa. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ rélùwéè Liverpool Street ló wà, ère àwọn ọmọdé kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ náà pẹ̀lú àpótí wọn nílẹ̀. Láàárín Oṣù Kejìlá 1938 sí ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 1939, nǹkan bí ọmọ 10,000 ni wọ́n kó wá sí Ìlú Ọba láìsí òbí, Júù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àpótí kékeré kan, máàkì 10, kò sí ohun olówó iyebíye kankan. Ọ̀pọ̀ òbí fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí yẹn fún ọmọlangidi. Frank Meisler tó yọ ère náà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2006, wà lára àwọn ọmọ yẹn. Láti ìlú Danzig ló ti wá ní Oṣù Kẹjọ 1939. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó kúrò ni wọ́n mú àwọn òbí rẹ̀. Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti ń pa àwọn Júù, ni wọ́n kú sí.

Inge Auerbacher, tí wọ́n bí ní abúlé Kippenheim ní Jámánì ní 1934, kò rí ọkọ̀ yẹn wọ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn òbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ Theresienstadt ní 1942, ọmọlangidi tí ìyá àgbà rẹ̀ fún un sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Marlene ló ń pè é, ó fi sọ Marlene Dietrich, òṣèré Jámánì tó gbajúmọ̀. Ọmọlangidi rírà ni, òyìnbó onírun wúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n fún gbogbo ọmọ Jámánì. Ìjọba sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ Jámánì mọ́. Ọmọlangidi rẹ̀ kò gbọ́ òfin náà. Àwọn méjèèjì jáde láàyè ní Oṣù Karùn-ún 1945, Marlene sì ti wà ní ilé ìrántí Holocaust ní Washington báyìí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ Júù ni kò jáde.

Mo ti fi Hannah Szenes sí ẹ̀yìn nítorí òun ni mo fẹ́ bá yín sọ jù.

Budapest ni wọ́n bí i sí ní 1921. Bàbá rẹ̀, Béla, jẹ́ òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ó sì kú nígbà tí Hannah wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà péré. Ilé wọn kì í ṣe ilé tó ka ẹ̀sìn sí rárá. Nígbà tí ìkórìíra Júù ń gbóná sí i ní Họ́ńgárì ni òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń jẹ́ Júù lára òun; ó kọ́ èdè Hébérù, ó sì lọ sí Palẹstínì ní 1939 láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi dandan mú un láti padà. Àmọ́ ní Oṣù Kẹta 1944, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi páráṣúùtù bọ́ sílẹ̀ ní Yugoslavia, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, èrò tiwọn sì ni láti dé ọ̀dọ̀ àwọn Júù Họ́ńgárì. Ní Oṣù Kẹfà ó sọdá ààlà, wọ́n sì mú un. Redíò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ni wọ́n rí. Àmì ìkọ̀kọ̀ redíò náà ni wọ́n fẹ́ kó sọ. Wọ́n lù ú, wọ́n yọ ọ́ léyín, kò sọ. Wọ́n lọ mú ìyá rẹ̀, Katalin, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun wà ní Họ́ńgárì, wọ́n gbé e dúró níwájú rẹ̀. Kò sọ.

Nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ní Budapest ni Hannah ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọlangidi.

Bébà ló fi ń ṣe wọ́n, àti àkísà aṣọ tó bá rí he. Ìyá rẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n kan náà, òun ló fi ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Hannah ń fi ọmọlangidi ta àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́rẹ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ní ìwé, ọmọ tó bá ka ìwé dáadáa a gba ọmọlangidi. Ó ń gé lẹ́tà ńláńlá láti ara bébà, a gbé wọn sójú fèrèsé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó wà ní yàrá òdìkejì lè kà á pọ̀. Báyìí ni ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó fi ìka ya ìràwọ̀ Dáfídì sínú eruku ojú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ìràwọ̀ kan náà tí wọ́n ń fi ipá rán mọ́ àyà àwọn ènìyàn rẹ̀ níta, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á síbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ì bá pé ọdún 25 dé, bàbá kò sí láyé mọ́, ìyá wà ní àtìmọ́lé, Hannah fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n.

Kí ẹ tó sọ pé eré ni, ẹ wo ohun tó ń lọ níta. Láàárín 15 Oṣù Karùn-ún sí 9 Oṣù Keje 1944, ó ju 430,000 Júù lọ tí wọ́n fi rélùwéè kó kúrò ní Họ́ńgárì, Auschwitz sì ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 tó ti gbé ìbọn rí, tó ti fi páráṣúùtù fò, tí wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, jókòó sílẹ̀ ó ń ká bébà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo mú bébà tí mo fi ń gé pátánì, mo lọ́ ọ ṣe ọrùn, mo ṣe orí, mo fi àkísà wé e ní ìdí. Bébà kì í dárí ji ènìyàn. Bí o bá ká a ṣì, ojú ibẹ̀ á wà títí. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí mímú àti iná tó mọ́lẹ̀, kí ó tó dúró. Mo sì mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ẹ̀wọ̀n kò ṣe é láti pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó ń ṣe ènìyàn. Wọ́n ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó ń ṣe wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré, ó sì ń fi wọ́n lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ní 7 Oṣù Kọkànlá 1944 ni wọ́n yìnbọn pa á. Kò jẹ́ kí wọ́n di òun lójú. Wọ́n ti tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ó sì wà ní ẹnu ọ̀nà àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ń tọrọ ààyè láti rí ọmọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ti parí. Wọ́n kó ẹrù ọmọ fún un. Nínú àpò aṣọ Hannah ni ó ti rí bébà kékeré kan tó kọ sí i: ọpẹ́ púpọ̀ púpọ̀, àti pé kó dárí ji òun bó bá lè ṣeé ṣe. Àpò aṣọ. Mo ti rán àpò mọ́ aṣọ àìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo tó ṣe apá ọmọlangidi tí wọ́n gbé wá. Mo tú èjìká rẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí inú. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti gbó ni ìyá àgbà yẹn gé wẹ́wẹ́ kì sínú rẹ̀, ó sì fún un mọ́lẹ̀ dáadáa kó má baà ṣù. Ojú ìrán rẹ̀ kéré, ó tẹ̀ lé ara wọn bí eyín ọmọdé, ọwọ́ ẹni tó ti ń rán nǹkan láti kékeré ni. Mi ò lo máṣíìnì. Mo wá òwú tó jọ tirẹ̀, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ mi wá ihò tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ti lu tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí apá fi padà sí ipò rẹ̀. Bí mo ṣe ń di òpin òwú, àtàǹpàkò mi wà lórí ojú rẹ̀, lórí ibi tí òwú pupa wà. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá gbà á, wọ́n ń sáré, nítorí ìgbà òtútù ni, oòrùn sì ti ń wọ̀ ṣáájú aago mẹ́rin ọ̀sán. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti tan fìtílà Sábáàtì kí ó tó wọ̀. Ìyá ka owó sọ́wọ́ mi. Ọmọ gba ọmọlangidi. Kò wo apá rẹ̀ rárá. Ìka rẹ̀ kan ló nà, ó fi kan imú náà, ó ń wá ibi tí wọ́n gé. Ó rí i. Nígbà náà ló tó gbé e mọ́ àyà, tí wọ́n sì jáde.